«Dúró fún» yàtọ̀ sí «dúró dè»

Ẹ̀yin ará,

Ẹ̀gbọ́n wa láti Kàdúná ní kí a máa pe 'flaky test' (ìdánwò kóòdù tí èsì rẹ̀ kì í dúró sójú kan) ní "ìdánwò èké", kí a sì fi "ìdúró" túmọ̀ 'sleep' àti 'wait' papọ̀, àṣẹ méjì tó ń dá ìdánwò dúró díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ méjèèjì.

Èké mọ ohun tó ń ṣe. Ìdánwò tí à ń sọ yìí kò mọ nǹkan kan: ẹ kò yí ẹyọ lẹ́tà kan padà nínú kóòdù, ó yege láàárọ̀, ó fìdí rẹmi lọ́sàn-án. "Ìdánwò ségesège" ni mo dábàá. Ó sì pọ̀ nílẹ̀: lọ́dún 2016, Google sọ pé nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìdánwò wọn ló ní ségesège nínú.

Ti ìdúró ló ká mi lára jù. Bí mo bá ní kí ẹ dúró dè mí ní Berger l'Ábújá, ẹ kò ní ka ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ wọ ọkọ̀ Kubwa lọ. Ẹni tó bá dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, aago ló ń wò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdánwò ojú áàpù (kóòdù tó ń tẹ bọ́tìnnì bí ènìyàn) ti ń bàjẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní kó sùn ('sleep') fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kó tó tẹ bọ́tìnnì. Ní ọ́fíìsì wa ní Wuse, ó ń lọ dáadáa títí wọ́n fi mú iná lọ, tí láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, tó ń falẹ̀. Ojú ìwé kò tíì ṣí tán, ìdánwò ti tẹ òfìfo. Ẹ sún un sí ogún, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, ẹ kàn jókòó lásán ni.

WebDriverWait, àṣẹ 'wait' ti irinṣẹ́ ìdánwò Selenium, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ló ń wò ó bóyá ohun tí à ń retí ti dé. Bó bá dé, ó kọjá. Bí gbèdéke bá pé tí kò dé, ó pariwo. "Ìdúródè" nìyẹn. Fún 'sleep', "ìdúró-aago" tó mi.

(Àwọn Haúsá ọ́fíìsì wa ní jira ni méjèèjì lọ́dọ̀ tiwọn. Inú áàpù tó ń jẹ́ Jira náà la sì ń kọ àwọn àṣìṣe wọ̀nyí sí!)

Kí la wá ń dúró dè? Kí bọ́tìnnì yọjú kò tó. Ó lè ṣì máa rìn wọlé, tàbí kó má tíì ṣeé tẹ̀. Playwright, irinṣẹ́ ìdánwò mìíràn, máa ń wò ó pé ó hàn, ó dúró sójú kan, ó sì ṣeé tẹ̀, kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ipò yẹn. "Ìmúratán" ni mo ní lọ́wọ́, àmọ́ ènìyàn ló ń múra. Ta ló ní èyí tó sàn jù?