Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo eré bàálù rí, ibo lẹ dúró sí?

Ọmọ Ẹ̀gbá, London

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ mi ò jẹ́ kí n sinmi, wọ́n láwọn fẹ́ lọ wo eré bàálù, níbi tí àwọn awakọ̀ bàálù ti ń dárà lójú sánmà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n má wulẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n dúró létí títì lẹ́yìn ọgbà, pé orí ẹni gan-an ni bàálù ń gbà kọjá níbẹ̀, pé ti inú ọgbà jìnnà jù. Báwo lẹ̀yin ṣe rí i?

Ìyá Ìbejì, Sussex

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìmọ̀ràn yẹn. Ilé wa ò jìnnà sí Shoreham. Títì A27 tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá bàálù ibẹ̀ kọjá la máa ń gbà lọ sí Worthing. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2015, jẹ́ẹ̀tì ológun àtijọ́ kan, Hawker Hunter, fẹ́ tàkìtì lójú sánmà níbi eré bàálù tí wọ́n ń ṣe ní pápá náà. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ ti súnmọ́ jù, kò ráyè gbé imú sókè mọ́. Orí títì yẹn ló já sí. Èèyàn 11 ló kú, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó wà nínú ọgbà eré. Àwọn kan ń wa mọ́tò lọ síbi tí wọ́n ń lọ, ti eré ò tiẹ̀ kàn wọ́n. Àwọn mìíràn sì wà létí títì níbẹ̀ láti wòran. Awakọ̀ bàálù náà yè é.

Mo ka ìròyìn tí àwọn olùwádìí AAIB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá bàálù ní Britain, gbé jáde ní 2017. Eré tí bàálù náà sá wọ inú òkìtì yẹn kò tó, kò sì ga tó nígbà tó dé téńté: bíi 2,700 ẹsẹ̀ bàtà ló dé, nígbà tó yẹ kó dé 3,500, ó kéré tán. Ìyàtọ̀ yẹn ló pa wọ́n.

Okùn tí ẹ máa rí níwájú òǹwòran nínú ọgbà, wọ́n wọn ibẹ̀ kí wọ́n tó ta á. Wọ́n wo irú bàálù tó ń bọ̀, bó ṣe ń sáré tó, àti ibi tó máa dojú kọ nígbà tó bá ń yí. Ta ló wọn tìta fún ẹni tó dúró létí títì? Lẹ́yìn Shoreham, CAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bàálù ní Britain, fi kún ìjìnnà tó gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn bàálù kan àti òǹwòran, wọ́n sì ní kí olùṣètò máa ro ti àwọn tó ń kóra jọ sẹ́yìn ọgbà mọ́ ọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùṣètò ò lè fi agbára lé gbogbo èèyàn kúrò lójú pópó, àwa náà la máa mú ẹsẹ̀ wa kúrò níbẹ̀.

Àkànní, Chicago

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Etí adágún Michigan ni wọ́n ti ń ṣe tiwa níbí, lóṣù kẹjọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Orí omi ni bàálù ti ń ṣeré, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi kankan wọ abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tàkìtì. Òfin FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn jẹ́ẹ̀tì tó yára jù fi 1,500 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí òǹwòran. Àwọn tí kò yára tó bẹ́ẹ̀, 1,000. Àwọn tó lọ́ra jù, 500. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ ta òkìtì tó dojú kọ èèyàn, torí ibi tí bàálù bá kọjú sí ni ègé rẹ̀ máa fò lọ bó bá já.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá kí wa láti Ìbàdàn kọ́kọ́ bínú. Ó ní ṣé ọ̀nà jíjìn yìí la ti máa wò ó? Àfi ìgbà tí àwọn Blue Angels, ẹgbẹ́ eré bàálù ti ológun ojú omi Amẹ́ríkà, dé. Méjì nínú wọn wá láti òdìkejì ara wọn, wọ́n dojú kọra pẹ̀lú eré burúkú, ẹ̀gbọ́n mi figbe ta, ó di apá mi mú. Wọ́n kọjá lára ara wọn wẹ́rẹ́. Ààyè wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n láti ibi tí a dúró sí, ojú ò lè rí i. Torí ẹni tó wà lẹ́yìn okùn ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Ẹni tó bá wà lábẹ́ wọn, ikùn bàálù nìkan ló máa rí, kó tó ṣẹ́jú ó ti lọ. Láti òkèèrè lèèyàn ti ń rí bí gbogbo wọn ṣe tò, bí wọ́n ṣe tú ká, bí wọ́n ṣe tún padà kó ara wọn jọ. Ariwo náà kì í sì í dín kù! Bàálù á ti kọjá lójú rẹ kí ìró rẹ̀ tó dé, á sì mì ọ́ láyà.

Abíọ́dún, Jámánì

Ìtòsí Ramstein la ń gbé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1988, Frecce Tricolori, ẹgbẹ́ eré bàálù ti ológun Ítálì, ń fi èéfín ya ọkàn lójú sánmà níbi eré bàálù tí wọ́n ṣe níbí, ẹnì kan nínú wọn á sì gba àárín rẹ̀ kọjá bọ̀ wá síhà òǹwòran. Òun àti méjì mìíràn kọlu ara wọn. Èyí tó ń bọ̀ níwájú jábọ́, ó sì gbiná wọ inú èrò. Èèyàn 70 ló bá a lọ, mẹ́ta ni awakọ̀ nínú wọn. Òkúta ìrántí wọn wà níbí. Bí mo bá ti gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń ráhùn pé okùn jìnnà, ibẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá, London

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rírú ẹ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Etí àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí àbíkẹ́yìn ò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Sussex

Ẹ ra ìbòtí ti ọmọdé fún un, irú èyí tó bo gbogbo etí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa lò ó nínú ilé kó tó di ọjọ́ náà, kó má baà bọ́ ọ sọnù nígbà tí jẹ́ẹ̀tì bá dé. Ẹ tètè dé, kẹ́ ẹ wá ibi tó súnmọ́ àárín okùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọjú eré sí. Ẹ mú fìlà àti omi dání. Ẹ béèrè ibi tí oòrùn máa wà lọ́sàn-án, torí láwọn pápá kan, ojú oòrùn lẹ máa kọjú sí títí eré fi máa parí.