U-Boot ò rántí ohun tí mo ní kó fi pamọ́ sínú eMMC

Ẹ̀yin ọ̀gá inú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Board tí mo fi ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì sólà ní Tanke níbí ní SD, ó ní eMMC (ibi ìpamọ́ tí wọ́n jó mọ́ ojú board). Inú eMMC ni mo fẹ́ kí environment (àwọn ìtò) U-Boot, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí board, máa gbé, torí màá yọ SD yẹn kí n tó gbé e fún oníbàárà. Mo ti tan CONFIG_ENV_IS_IN_MMC, mo fi CONFIG_SYS_MMC_ENV_DEV (nọ́ńbà mmc tó máa lò) sí 1, ENV_PART náà sí 1 kó lè bọ́ sí boot0 (apá boot àkọ́kọ́ inú eMMC), OFFSET (ibi tí environment ti bẹ̀rẹ̀) ò sì gorí U-Boot fúnra ẹ̀. Tí SD bá wà níbẹ̀ kò síṣòro, saveenv (àṣẹ tó ń fi environment pamọ́) á ní OK, àmọ́ kí n ṣáà yọ ọ́ kí iná lọ kó dé (ẹ kúkú mọ iná Ìlọrin), "bad CRC, using default environment" ló máa kọ (ìyẹn ni pé kò rí environment tó péye kà), bootdelay (iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń dúró kó tó boot) tí mo ti sọ di 5 á tún padà sí 2. Mo ti kọ U-Boot kan náà sínú méjèèjì, pàbó.

Ṣé mmc_get_env_dev (function tó ń sọ mmc tí environment wà) inú code board ló ń fojú fo 1 tí mo kọ, àbí nọ́ńbà mmc ló ń yí padà tí SD ò bá sí, torí kò sí alias (ohun tó ń so nọ́ńbà kan pàtó mọ́ mmc kọ̀ọ̀kan) nínú device tree (fáìlì tó ń ṣàpèjúwe ohun tó wà lórí board)? Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò, báwo ni màá sì ṣe mọ̀ ọ́n látorí serial (ibi tí U-Boot ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí)?