Kí ni máníjà fẹ́ fi sosiọ́lọ́jì ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣàkóso:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Wọ́n ti fi sosiọ́lọ́jì há gbogbo àwa tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso lọ́rùn, dandan ni. Ìṣirò owó yé mi, òfin iṣẹ́ yé mi, saikọ́lọ́jì pàápàá, mo rí ìdí rẹ̀: èèyàn la fẹ́ darí, ó yẹ ká mọ ohun tó wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìwé sosiọ́lọ́jì, ọ̀rọ̀ ẹbí, ẹ̀sìn, ìlú ńlá àti ìwà ọ̀daràn ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìmọ̀ yìí gan-an, kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí saikọ́lọ́jì? Kí ni máníjà tó ní èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lábẹ́ rẹ̀ lè fi ṣe tó máa hàn lára iṣẹ́? Ẹ má bínú sí èyí tó kù yìí o: ṣé kì í ṣe ohun tí ọ̀gá tó lójú inú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kàn lọ fún lórúkọ gàgàrà?

OjúÀwùjọ:

Àwọn àgbà ní ènìyàn kan kì í jẹ́ "àwá dé". Ibẹ̀ ni sosiọ́lọ́jì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà láàárín èèyàn ló ń wò, kì í ṣe ohun tó wà nínú ẹnì kan. Bí èèyàn bá ti ju ẹyọ kan lọ níbì kan, tí wọ́n sì jọ pẹ́ díẹ̀, òfin tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ á ti dé: ta ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ni wọn kì í já lọ́rọ̀, iṣẹ́ mélòó ló tó fún ọjọ́ kan, kí ni wọ́n ń fojú ẹni tó bá rú òfin náà rí. Òfin bẹ́ẹ̀, ipò tí kálukú wà, àti bí agbára ṣe pín láàárín wọn, òun ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi èyí mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí saikọ́lọ́jì. Lágbájá ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Saikọ́lọ́jì á béèrè pé kí ló ń ṣe Lágbájá. Sosiọ́lọ́jì á béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ka tiwọn ni wọ́n ti ń pẹ́ dé, tí ẹ̀ka kejì nínú ilé kan náà kì í pẹ́. Ìbéèrè méjèèjì wúlò. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ máníjà mọ̀ ọ́n bi.

Auguste Comte, ará Faransé, ló fún ìmọ̀ náà lórúkọ ní nǹkan bí 1838. Émile Durkheim, ará Faransé bíi tirẹ̀, wá fi agbára rẹ̀ hàn ní 1897 pẹ̀lú ohun tí gbogbo ayé gbà pé inú ọkàn ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń wá: ìpara-ẹni. Ó kó àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ, ó rí i pé iye rẹ̀ láwùjọ kọ̀ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún, bẹ́ẹ̀ àwọn tọdún yìí kọ́ ni tọdún tó kọjá. Èèyàn ń yí, iye ò yí. A jẹ́ pé nǹkan kan wà lára àwùjọ fúnra rẹ̀.

Ẹ gbé ìyẹn wá síbi iṣẹ́. Bí ẹni mẹ́rin bá jókòó lórí àga kan láàárín ọdún mẹ́ta, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fi í sílẹ̀, ẹ fi ìwà wọn sílẹ̀ ná, ẹ yẹ àga wò. Ọ̀gá mélòó ló ń pàṣẹ fún ẹni tó bá jókòó síbẹ̀? Ṣé ọwọ́ ẹni tí kò ní àṣẹ lé lórí ló ti gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ kí tirẹ̀ tó lè parí? Bí ẹ̀ka méjì bá forí gbárí, ṣé òun ni ẹ̀bi máa ń já lé? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni karùn-ún náà á lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

AgbáraẸgbẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n mú "ọ̀gá tó lójú inú ti mọ̀" yẹn. Ohun tí ọ̀gá mọ̀ ni pé bí a bá fowó kún un, iṣẹ́ á pọ̀ sí i. Ó dáa. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ Hawthorne ti Western Electric, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù, ní Cicero, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣèwádìí láti 1924 sí 1932. Ti iná tó ń tàn síbi iṣẹ́ ni gbogbo èèyàn mọ̀: wọ́n fi iná kún un, iṣẹ́ pọ̀, wọ́n dín iná kù, iṣẹ́ ò dín. Àwọn tó padà tú àkọsílẹ̀ iná yẹn wò ní ẹ̀rí rẹ̀ kò le tó bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé ọ̀rọ̀ yín lé e. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti yàrá tí wọ́n ti ń so wáyà pátákó tẹlifóònù, láti 1931 wọ 1932.

Ọkùnrin mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀: mẹ́sàn-án ń so wáyà, mẹ́ta ń jó o mọ́ra, méjì ń yẹ iṣẹ́ wò. Àpapọ̀ iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń ṣírò owó, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá yára, gbogbo wọn ló jèrè. Ó yẹ kí wọ́n máa ti ara wọn síwájú. Rárá o. Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé pátákó méjì lójúmọ́ ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀fẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ̀ṣẹ́ ẹyọ kan gbò á bà á lápá. Ẹni tó ń fà sẹ́yìn jù náà kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá lọ ṣòfófó fún ọ̀gá ló wá burú jù. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá yá, wọ́n á fi díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí kò ní yá, kí àkọsílẹ̀ lè máa lọ geere. Ọ̀gá tó wà nínú yàrá náà mọ̀, ó sì gbójú fò ó.

Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé bí iye tí wọ́n ń ṣe bá ròkè, ilé-iṣẹ́ á gé owó tó ń san lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí kó dá àwọn kan dúró. Àkókò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ sì ni; àìríṣẹ́ ṣe ló padà ti yàrá yẹn pa.

Nítorí náà, máníjà tó rí i pé owó ìwúrí ò mú nǹkan kan jáde, kó tó fi owó mìíràn lé e, kó wádìí ìgbà tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n sókè kẹ́yìn nítorí pé ẹnì kan ṣe dáadáa. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ti sọ fún ẹni tuntun kó tó lo ọ̀sẹ̀ kan.

Iṣẹ́ÀtiÈèyàn:

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ dá yẹn rọrùn láti wò. Ẹ kọ́kọ́ kó orúkọ gbogbo ẹni tó ti kúrò láti ọdún mẹ́ta jọ. Ẹ kọ àga rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti iye oṣù tó lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí púpọ̀ bá ń lọ kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìlérí tí wọ́n ṣe nígbà ìgbanisíṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe gbà wọ́n wọlé ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ní nǹkan bí ọdún méjì ni, ó lè jẹ́ pé wọn ò rí ìgbéga níwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan lóun nìkan: "Bí iṣẹ́ bá dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́, ta lẹ máa ń lọ bá?" Kó dárúkọ, kó má ju mẹ́ta lọ. Ẹ ya róbótó kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí ẹ fi ọfà so ẹni tó ń béèrè mọ́ ẹni tó ń bi. Láàárín èèyàn 15, ọ̀nà tí méjì-méjì lè gbà so pọ̀ jẹ́ 105, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí yín. Bí ọfà mẹ́jọ bá dojú kọ ẹnì kan, tí kì í sì í ṣe olórí, ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ ń há sí. Ọjọ́ tó bá gba ìsinmi, ẹ̀ka á dákẹ́. Bí ìwé bá pín sí agbo méjì, tí ẹnì kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀, ẹni yẹn ni afárá yín. Ẹ sì wá ẹni tí ọfà kankan ò kàn.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: bíbéèrè pé "ta lọ̀rẹ́ yín", èyí tó yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tí iṣẹ́ ń gbé yín lọ bá. Èkejì, lílẹ àwòrán náà mọ́ ògiri tòun torúkọ. Ẹ̀kẹta ló burú jù: fífi í yan ẹni tí wọ́n fẹ́ dá dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa sọ òótọ́ fún yín mọ́. Bí mẹ́ta nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò bá dáhùn, ẹ má tíì fi ìwé náà ṣe ìpinnu, torí ẹni tó dákẹ́ lè jẹ́ afárá.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣàkóso:

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yàrá wáyà yẹn wọ̀ mí lára. Ṣé kí máníjà tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká ni, kó pín wọn káàkiri?

OjúÀwùjọ:

Ẹ má dán an wò. Wọ́n ti tú u ká rí láìmọ̀ọ́mọ̀, nínú ìwakùsà èédú ní Bìrìtìkó. Olùṣèwádìí méjì, Eric Trist àti Ken Bamforth, tí Bamforth fúnra rẹ̀ ti wa èédú rí, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1951. Tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn méjì sí mẹ́ta tó yan ara wọn ló ń gé èédú, tí wọ́n ń kó o, tí wọ́n sì ń gbé òpó ró kí òrùlé má bàa já lé wọn. Ẹ̀rọ tuntun wá dé. Wọ́n to nǹkan bí ogójì èèyàn sójú èédú gígùn kan, wọ́n sì pín iṣẹ́ sí ṣíìfù mẹ́ta: àwọn kan á gé e, àwọn kan á sún ẹ̀rọ síwájú, àwọn tó kù á kó èédú. Ṣíìfù kan kì í rí èkejì. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní àbọ̀, ẹni tí kò mọ̀ rí ló máa jìyà rẹ̀. Wọ́n ń pa iṣẹ́ jẹ, ẹ̀bi ń kiri láti ṣíìfù dé ṣíìfù, èrè tí wọ́n retí lára ẹ̀rọ ò sì wọlé. Ẹ̀rọ ò níṣòro. Ohun tí ẹgbẹ́ kékeré ń ṣe láìgbowó, ìyẹn mímójú tó ara wọn, ló lọ.

Kí wọ́n tó gbé ètò kọ̀ǹpútà tuntun wọlé, kí máníjà béèrè pé: ọ̀nà àtijọ́ yìí, ta ló ń jẹ́ kó pàdé ta? Ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ gbé lọ fún ìbuwọ́lù lè pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí ẹ̀ka méjì ti ń tún àṣìṣe ara wọn ṣe. Bí ẹ bá mú ìwé kúrò, ẹ wá àyè mìíràn fún ìpàdé yẹn.

Iṣẹ́ÀtiÈèyàn:

Mo fi kún un. Orí ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́, ipò àti àjọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ti ẹbí tí ẹ fojú tín-ín-rín yẹn, ẹ má fò ó dá. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń pẹ́ dé tí wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ lókè, ẹ wo àkókò tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ń ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ fi wé àkókò tí ẹ ní kí àwọn òbí wọn ti wà lórí àga.