Báwo lẹ ṣe ń ṣe PQR (àkọsílẹ̀ ìdánwò ọ̀nà ìjórin) fílẹ́ẹ̀tì (wẹ́ẹ̀dì igun láàárín irin méjì) tí wọ́n bá ní àfi kí Charpy (ìdánwò tí wọ́n ń fi òòlù lu irin tútù wò bóyá á sán) wà nínú ẹ̀?

ỌmọÌdù
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìdù l'Abuja níbí la wà, táǹkì gáàsì LPG la ń ṣe, ara ẹ̀ jẹ́ 14 mm, àwọn pad nọ́súlù (irin tí wọ́n fi ń ti ìdí ẹnu páìpù lẹ́yìn) jẹ́ 10 mm, fílẹ́ẹ̀tì la sì fẹ́ fi jó wọn mọ́ ọn. Mo jó coupon (irin ìdánwò) fílẹ́ẹ̀tì, mo gé e, mo yọ̀ ọ́ dán, mo fi ásíìdì kùn ún, wẹ́ẹ̀dì yẹn wọ gbòǹgbò dáadáa, kò sí ihò kankan, inú mi dùn. Àfi bí inspector kọ́sítọ́mà ṣe dé tó ní òun ò gbà, Charpy −46°C dà? Mo wo ẹsẹ̀ fílẹ́ẹ̀tì 8 mm yẹn títí, igi Charpy 10 lọ́nà 10, gígùn 55, ibo ni mo fẹ́ ti gé e jáde? Owó ti lọ, ọ̀gá mi ń bi mí léèrè láàárọ̀ lálẹ́. Nínú oòrùn Abuja yìí náà, ibo la ti fẹ́ rí òtútù −46? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ajórin_Kaduna
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ti òtútù yẹn ná. Oòrùn ìta kọ́ ni wọ́n ń wò, ohun tó wà nínú táǹkì ni. −42 ni propane tó wà nínú LPG ti ń hó, tí fáàfù bá ṣí lójijì tí gáàsì ń tú, èyí tó kù nínú ẹ̀ á máa tutù, irin á tutù tẹ̀ lé e, kódà kó jẹ́ oṣù kẹta tí ooru Kaduna ń pa èèyàn. Irin tó bá tutù ju bó ṣe lè gbà lọ kì í tẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń sán bí àwo tánganran. Ọkọ̀ ojú omi agbépo Schenectady, oṣù kìn-ín-ní 1943, ibi tí wọ́n so ó mọ́ ní Portland l'Amẹ́ríkà ló wà jẹ́ẹ́, ló bá sán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì.

Má wá bí o ṣe máa gé Charpy lára fílẹ́ẹ̀tì, groove ni kó o jó, ìyẹn wẹ́ẹ̀dì tó ń kún àlàfo láàárín etí plate méjì. QW-202.2 nínú ASME IX (ìwé òfin ìjórin Amẹ́ríkà) sọ ọ́, PQR groove ló ń gbé fílẹ́ẹ̀tì, àwọn fílẹ́ẹ̀tì tí kì í gba prẹ́ṣọ̀ nìkan ni wọ́n gbà kéèyàn fi coupon fílẹ́ẹ̀tì ṣe, pad nọ́súlù ò sì sí lára wọn.

Plate 10 mm ni kó o fi ṣe é. Tí Charpy bá ti wọ̀ ọ́, QW-403.6 ní plate tó tín-ín-rín jù tó o lè jó ni ìnípọn coupon tàbí 16 mm, èyí tó bá kéré. Tó o bá lo 20 mm, 16 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀, pad ẹ ti jáde nìyẹn. 10 mm á gbé ẹ láti 10 dé 20, 14 ẹ wà láàárín. Igi 10 ò ní jáde lára plate 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti há a, 7.5 ni wọ́n máa gé, sọ fún lábù ṣáájú. Bevel (gígé etí plate ní ìdàgẹ̀rẹ̀), ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ̀gbẹ́ kejì dúró gbọnrangandan kí ojú ọgbẹ́ Charpy lè bọ́ sínú HAZ (irin ẹ̀gbẹ́ wẹ́ẹ̀dì tí ooru ti yí padà) gan-an. Mẹ́ta lára wẹ́ẹ̀dì, mẹ́ta lára HAZ.

Bísí_QC
Ẹ̀gbọ́n ti là á yé wa. Mo fẹ́ fi heat input (iye ooru tó ń wọ mm wẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan) kún un torí ibẹ̀ ni wọ́n ti mú àwa náà. A gbé coupon tiwa sílẹ̀ pẹrẹsẹ, a jó o kíákíá, Charpy jáde dáadáa. Ìgbà tá a dé sáìtì, àwọn wẹ́dà ń jó o lóòró, ọwọ́ wọn ń lọ sọ́tùn-ún sósì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń hun ẹní, inspector kàn mú wọ́ọ̀ṣì ẹ̀ jáde ló ń ka ìṣẹ́jú. Fóòtì × áńpì × 60, pín in fún mm tó rìn ní ìṣẹ́jú kan. 24 × 130 × 60 ÷ 80, 2,340 J/mm nìyẹn, PQR wa ò sì ju 1,350 lọ. A padà lọ jó coupon míì.

Torí náà lóòró ni kó o jó tìẹ, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú ooru tó pọ̀ jù tí o mọ̀ pé wẹ́dà ẹ lè lò, ìyẹn á gbé gbogbo pọsíṣọ̀n. Wo ara páálí electrode náà o, E7018 lásán, 27 J (agbára lílù tó lè gbà kó tó sán) ní −30 ni wọ́n ṣèlérí, E7018-1 ló dé −46.

Ajórin_Kaduna
Bísí, o ṣé gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ooru kéré jù náà o, fílẹ́ẹ̀tì máa ń yára tutù ju groove lọ torí ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń bá jáde níbẹ̀, HAZ á wá le koko. ISO 15614-1 (ìlànà àgbáyé lórí ìdánwò ìjórin) tiẹ̀ ní pọsíṣọ̀n tí ooru ẹ̀ pọ̀ jù ni kí wọ́n ti gé Charpy, èyí tó kéré jù ni kí wọ́n ti wọn hardness (bí irin ṣe le tó).

ỌmọÌdù
Ẹ ṣé, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ṣé kí n kàn sáré lọ ra 10 mm ní ọjà Deidei?

Ajórin_Kaduna
Rárá o! Gé e lára plate tí ẹ rà fún pad yẹn gan-an, èyí tó ní sàtífíkéètì. Tí Charpy bá ti wọ̀ ọ́, P-number (nọ́ńbà ẹbí irin nínú ASME) nìkan ò tó mọ́, Group number (ìpín inú ẹbí náà) gbọ́dọ̀ bára mu, ta ló máa sọ Group plate Deidei fún ẹ?