Ọmọnìkejì tàbí aládùúgbò: ẹ jẹ́ kí á dá ọwọ́ dúró ná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lálẹ́ àná ní kí á yọ "ọmọnìkejì" inú àṣẹ "fẹ́ ọmọnìkejì rẹ bí ara rẹ" kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tí à ń tún kọ, kí á fi "aládùúgbò" rọ́pò rẹ̀, torí pé ilé ìjọsìn nìkan ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ ọ mọ́. Òótọ́ ni, n kò gbọ́ ọ lọ́jà rí. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì yọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dán "aládùúgbò" wò ní kíláàsì mi. Mo bi wọ́n pé ta ni aládùúgbò yín? Ọwọ́ ń lọ sókè wìtìwìtì. Ọ̀kan ní bàbá tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lójúlé kejì, òmíràn ní ìyá oníbúrẹ́dì. Mo ní ó dáa, bí ọ̀kadà bá gbé ẹnì kan ṣubú ní ìkóríta òkè yẹn, tí ẹ kò sì mọ̀ ọ́n rí ńkọ́? Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́ Yorùbá. "Àǹtí, ìyẹn kì í ṣe ará àdúgbò wa." Kí ni mo fẹ́ sọ? Ohun tí ọ̀rọ̀ náà wí lọ́mọ wí. Àdúgbò ní ààlà, ẹni tó bá sì ti kọjá ààlà, ó di ará ibòmíràn.

Ààlà yẹn gan-an ni amòfin inú Lúùkù orí 10 ń wá nígbà tó bi Jésù pé ta ni ẹni tí òun gbọ́dọ̀ fẹ́ bí ara òun. Ẹ mọ ìtàn tó gbà lésì: àlùfáà rí ẹni tí ọlọ́ṣà lù lọ́nà Jẹ́ríkò, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá, ọmọ Léfì náà bẹ́ẹ̀, ará Samáríà ló dúró, tó da òróró àti wáìnì sójú ọgbẹ́, tó san owó ilé èrò. Ará Samáríà yìí kì í ṣe aládùúgbò ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà yẹn. Jésù wá yí ìbéèrè náà po: nínú àwọn mẹ́ta yìí, ta ló ṣe ọmọnìkejì fún ẹni tí wọ́n lù? Ẹ gbìyànjú láti fi "aládùúgbò" sí gbólóhùn yẹn, kí ẹ gbọ́ bó ṣe máa rí létí. "Ta ló ṣe aládùúgbò fún un?" Àfi bí ẹni pé ó kó wá sítòsí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n lè dá mi lóhùn pé plēsion tí Lúùkù kọ ní èdè Gíríìkì, ìtòsí ló wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Léfítíkù 19:18, níbi tí àṣẹ náà ti wá, ni amòfin yẹn ń kà jáde, rēaʿ ni èdè Hébérù sì pè é níbẹ̀: ẹgbẹ́ ẹni, ẹni tí a jọ jẹ́. Nígbà tó di ẹsẹ 34 orí kan náà, wọ́n ní àlejò náà, kí á fẹ́ ẹ bí ara wa.

Àwa náà ní ẹ̀kọ́ aládùúgbò tiwa, ó sì dára: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ẹ gbọ́ ìdí tí òwe yẹn fi sílẹ̀. Oorun wa ni! Ará Samáríà ì bá kọjá lọ, kó dé ibi tó ń lọ, kó sùn fọnfọn.

"Ẹnìkejì" ni kí á jọ fi sílẹ̀, mo gbà. Bíbélì àtijọ́, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, lò ó níbì kan, ó lo "ọmọnìkejì" níbòmíràn. Lóde òní, ọkọ tàbí ìyàwó ni ẹnìkejì ẹni. Díákónì wa ka "fẹ́ ẹnìkejì rẹ" lọ́jọ́ kan, ni ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn mi bá sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Mo ti fẹ́ ẹ tipẹ́, ó ti bímọ méjì." Ẹ̀rín pa ìlà ìjókòó wa.

Ẹni tó dábàá "ìfẹ́-aládùúgbò-ṣíṣe" fún orúkọ ìwà ẹni tó ń pa àṣẹ yẹn mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wo ló máa lè pè é? A ní "ìwà ọmọlúàbí". "Ìwà ọmọnìkejì" kò ní ṣàjèjì sí i.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló kù tó ń dà mí láàmú. "Fẹ́" ti di ti ìyàwó, àwọn kan wá ní "fẹ́ràn". Nínú ilé tí mo ń gbé, ìyá ẹlẹ́kọ kan wà, Mùsùlùmí ni. Òun àti ọkùnrin yàrá kẹrin kò kí ara wọn fún oṣù méjì nítorí owó iná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ṣú, ìyá yìí sáré jáde lọ ká aṣọ gbogbo wa lórí okùn. Síńgílẹ́ẹ̀tì ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀. Ó ká a, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ ti wá fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn?" Wọ́n pòṣé. "Ta ló fẹ́ràn rẹ̀? Ṣé ẹ kò rí òjò ni?"

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé. Mo ti dá "ọmọnìkejì" padà sójú ìwé kẹta, mo sì fi àlàfo sílẹ̀ níwájú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹni tó bá ní èyí tó lè gba síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn, kó fi ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀.