Ike wo ló yẹ kí n máa rọ epo sí?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará. Kábà ni mo ń gbé, epo pupa ni mò ń tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rọ epo tó ṣì gbóná sínú ike omi tí a ti mu tán. Kíá ló súnkì, ìdí rẹ̀ sì wọ́. Ọmọ mi fi nọ́ńbà tó wà nínú àmì onígun mẹ́ta nídìí ike náà hàn mí: 1. Ó ní irú ike bẹ́ẹ̀ kì í gba ooru. Mo yẹ àwọn yòókù wò: 2 ló wà lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń gbé epo wá láti Ìsánlú, 5 ló wà lábẹ́ abọ́ oúnjẹ wa. Ṣé 5 ló ń fara da ooru jù? Ṣé 2 lè gba epo tó lọ́wọ́ọ́rọ́, àbí kó tutù pátápátá ni?

Èyí tó ń dùn mí jù rèé: àwọn kan ń ta kẹ́ẹ̀gì tí oògùn apakoríko ti wà nínú rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mi ò rà á, torí ọmọdé ń jẹ epo mi. Àmọ́ tí ẹnì kan bá ti bó ìwé ara rẹ̀ kúrò, báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀?