Ta ló mọ ọ̀nà Tarkwa Bay? Ọ̀la là ń lọ!

Ìyá Kòfo, Houston: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, mo ti wà ní Sùúrùlérè láti ọjọ́ mẹ́ta, àyà mi ń já. Ọmọ mi ọkùnrin gbé pátákó tó fi ń gun ìgbì wá láti Amẹ́ríkà, Tarkwa Bay, etíkun Èkó yẹn, ló ń pè tọ̀sán-tòru. Ọ̀la la fẹ́ lọ. Wọ́n ní mọ́tò kì í débẹ̀, àfi ọkọ̀ ojú omi. Ṣé èbúté CMS la ti máa wọ̀ ọ́ ni àbí ti Tarzan? Ṣé ọlọ́kọ̀ á gba pátákó tó gùn ju èèyàn lọ? Èmi ò mọ̀wẹ̀ o.

Bọ̀dá Délé, Peckham: Ẹ kú àbọ̀ sílé, mà. Ẹ má san owó àlọ àtàbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o! Mo san án ní Kérésì ọdún 2022. Aago márùn-ún lèmi àti ọlọ́kọ̀ jọ ṣàdéhùn. Aago mẹ́fà lù, kò dé, fóònù ẹ̀ ti kú. Èmi, ìyàwó mi àtọmọ mẹ́ta lórí iyanrìn, ilẹ̀ ń ṣú. Ìlọ́po mẹ́ta ni ọkọ̀ tó gbé wa gbà.

Àǹtí Bísí, Toronto: Owó yẹn kọ́ ló fà á, Bọ̀dá Délé. Ẹ ò gba nọ́ńbà ọlọ́kọ̀ mìíràn ni. Èmi ò san ti àbọ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n rí i pé ilẹ̀ ń ṣú, iye tó wù wọ́n ni wọ́n bù lé mi.

Bọ̀dá Délé: Mi ò gbà. Ẹni tó ti gbowó tán, kí ló fẹ́ wá mú?

Ìyá Ìbejì, Dublin: Ẹ san ìdajì ní àlọ, kẹ́ ẹ san ìyókù nígbà tẹ́ ẹ bá padà gúnlẹ̀. Gbogbo yín, ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó! Kẹ́ ẹ sì tètè kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ òkun ńláńlá tó ń wọ Àpápá ń gba ẹnu ọ̀sà yẹn kọjá.

Kúnlé, Newquay: Owó lẹ̀ ń sọ, ẹ ò sọ ti omi. Ògiri òkúta ẹnu ọ̀sà ló ń gba Tarkwa Bay lọ́wọ́ ìgbì ńlá. Lighthouse Beach lẹ́yìn ẹ̀, òkun gbalaja ni. Mo rí ibì kan níbẹ̀ tí ìgbì ò ti fọ́, ó dákẹ́ rọ́rọ́, mo wọ̀ ọ́. Àṣé ibẹ̀ lomi ti ń padà sókun! Mo ń wẹ̀ bọ̀, ó ń gbé mi lọ. Ọmọ abúlé kan ló pariwo pé kí n má bá a jà, kí n wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun. Ìyẹn ló yọ mí. Mà, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kó ra ìda tí wọ́n fi ń pa pátákó kẹ́sẹ̀ má yọ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná, tèmi tí mo gbé ti ìhín lọ yọ́ sínú báàgì bí òrí. Ọ̀gbẹlẹ̀ yìí dáa fún un, àsìkò òjò nìgbì ńlá ń wá.

Àǹtí Bísí: Kẹ́ ẹ gba ọmọ ibẹ̀ kan láti tọ́ ọ sọ́nà, kẹ́ ẹ sanwó gidi fún un. Oṣù Kìíní ọdún 2020 ni wọ́n lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò nílé wọn, ó ṣì ń dùn mí.

Ìyá Kòfo: Ẹ ṣé o. CMS ń kọ́?

Ìyá Ìbejì: CMS yá fún ará Sùúrùlérè. Ti pátákó, Kúnlé ló mọ̀ ọ́n.

Kúnlé: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi wọ́n, ṣé Galveston, etíkun ẹ̀bá Houston, ni ọmọ yẹn ti kọ́ ọ? Omi tó dà bíi gbẹ̀gìrì yẹn?

Ìyá Kòfo: Gbẹ̀gìrì wa lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ kóòtù lọ sétíkun lóṣù Keje!

Bọ̀dá Délé: Toronto ò tiẹ̀ ní òkun, adágún ni tiwọn.

Àǹtí Bísí: Adágún wa gbé gbogbo Èkó mì, àyè ṣì kù.

Bàbá Ṣeun, Jámánì: Bar Beach ni tèmi. Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi á gbé mi gẹṣin, àwọn aláṣọ funfun á máa gbàdúrà létí omi. Ògiri òkúta tí Kúnlé ń yìn yẹn náà ló dá iyanrìn dúró sápá Lighthouse, tí òkun fi ń jẹ Bar Beach díẹ̀díẹ̀. Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn dí òkun kọ́, ló wà níbẹ̀ báyìí. Mi ò tíì lè mú àwọn ọmọ mi débẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá nàka sí.

Bọ̀dá Délé: Bàbá Ṣeun, ẹ rántí bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́?

Bàbá Ṣeun: Ṣé mo lè gbàgbé?